Òjìji ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ fi pánù àti iná dá ère

Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, kí ọjọ́ ọdún Òṣun gan-an tó pé, wọ́n máa ń tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún ní ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo. Irin ni fìtílà náà, ojú mẹ́rìndínlógún ló ní, epo pupa ló ń mu, ó sì ń jó di àárọ̀. Ọba á jáde, á jó yí i ká, gbogbo ojú á sì wà lára rẹ̀. Èmi kì í wo iná yẹn pẹ́. Ògiri ni mò ń wò. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, òjìji irin náà á gùn, á súnkì, á tún pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ irin ò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo ìyẹn rí ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Iṣẹ́ tí a máa ṣe nìyí: àpótí pánù kan tó ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tí a lu ihò sí lára, tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, tí iná kékeré kan ṣoṣo wà láàárín inú rẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹni tó bá kọjá lè rò pé ààrò ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ tàn án, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá á di ara ère náà, orí àjà pẹ̀lú.

Àwọn òyìnbó ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. László Moholy-Nagy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, parí ẹ̀rọ irin kan ní 1930 tí mọ́tò ń yí, tí iná ń gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sára ògiri. Ní 1963, Dan Flavin, ará New York, gbé ọ̀pá iná gígùn, irú èyí tó wà ní ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù gbogbo, ó gbé e dagẹ̀rẹ́ sára ògiri, ó ní iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Kò ṣe ọ̀pá iná náà fúnra rẹ̀, ó rà á lọ́jà ni. Kì í ṣe òyìnbó nìkan: El Anatsui, ọmọ Gánà tó pẹ́ ní Nsukka, ń fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ di ohun tó tóbi ju aṣọ ìbora ọba lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ohun àjèjì ni ní Òṣogbo. Alágbẹ̀dẹ ni Asiru Ọlátúndé kó tó di ẹni tó ń lu àwòrán sára pánù alumíníọ́ọ̀mù àti bàbà. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó máa fi sìmẹ́ńtì dá ère àti ògiri oníhò, tó sì bá Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, ṣiṣẹ́ nínú igbó Òṣun. Jimoh Buraimoh tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, iná orí ìtàgé ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Alágbẹ̀dẹ, bíríkìlà, oníná: ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti wá. Ìlú yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ irin wà, ibẹ̀ náà sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Ẹ má bi mí léèrè bóyá a ní iná lálẹ́ àná. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa iná níhìn-ín fi jẹ́ ti bátìrì 12 fóòtì (12V).

Páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ bà jẹ́

Aṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá wẹ́dà. Wọ́n á ná owó tán lórí irin kí wọ́n tó mọ ohun tí ògiri máa sọ. Ẹ yí i padà. Ẹ wá páálí tí wọ́n kó bíà tàbí núdù wá, ẹ gé e títí á fi tó ìwọ̀n àpótí tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ mú ìṣó, ẹ lu ihò bíi ogún sí ìhà kan ṣoṣo: àwọn kan kéékèèké, àwọn kan tó ìka gba. Dúró di alẹ́. Ẹ pa gbogbo iná, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sí àárín páálí náà kó kọjú sí àwọn ihò náà.

Ẹ wá sún páálí náà. Ẹ gbé e sún mọ́ ògiri, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ máa rí i pé ihò tó tó àgbàdo kan ti di àwo ọbẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ wọn bí iná ṣe jìnnà sí ògiri, ẹ fi bí iná ṣe jìnnà sí pánù pín in. Bí iná bá wà láàárín àpótí wa, ó jìnnà sí pánù ní 15 sẹ̀ǹtímítà. Bí ògiri bá wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà sí iná, 60 pín sí 15 jẹ́ 4. Ihò sẹ̀ǹtímítà kan á di mẹ́rin lára ògiri. Bí ògiri bá wà ní 90, á di mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tóbi ló ń ṣú: bí ẹ bá sọ ọ̀nà náà di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀ á ku ìdámẹ́rin. Nítorí náà, ẹ lọ wọn yàrá tí ère náà máa gbé kí ẹ tó pinnu ihò. Mo ti rí iṣẹ́ tó dára gan-an ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ṣe é, tí wọ́n gbé lọ sí gbọ̀ngàn ńlá, tó wá dà bí ìgbà tí èèyàn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ́jà Ọba.

Ẹ ba páálí mẹ́ta, mẹ́rin jẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Irú iná tí ẹ máa lò

Ibi yìí ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun tó wà lọ́jà jù ni LED onírẹ́bẹ́tẹ́, èyí tí wọ́n ń ká bíi okùn, mítà 5 nínú róòlù kan. Ó rọrùn, ó pọ̀, gbogbo èèyàn fi ń ṣe àjà ilé. Bí ẹ bá lò ó nínú àpótí oníhò, ẹ ò ní rí òjìji kankan. Ìdí ni pé iye ojú iná tó wà nínú mítà kan lè tó 60, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ń ta àwòrán tirẹ̀ sára ògiri. Ọgọ́ta àwòrán á gun ara wọn, gbogbo rẹ̀ á di kùrukùru. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kí ère kàn máa tàn rọra bí òṣùpá inú ìkúukùu, pàápàá bí ó bá fi pásípẹ́ẹ̀sì funfun (ike pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) bo ojú ihò. Bí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín iná àti pásípẹ́ẹ̀sì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa rí àwọn ojú iná náà tótòtó bí ìgbóná.

Fún òjìji tó mú, ojú iná kan ṣoṣo ni, kó sì kéré. Mo fẹ́ràn LED onírú kóró kan, wáàtì 3, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ alumíníọ́ọ̀mù kékeré. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń tà á. Bí ẹ ò bá rí i, gílóòbù ìtọ́ka ọ̀kadà, 12 fóòtì, wáàtì 10, ṣe iṣẹ́ náà dáadáa: okùn iná inú rẹ̀ kéré púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi ti fìtílà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbóná, ó sì ń mu bátìrì.

Ní ti àwọ̀: lára páálí LED, ẹ máa rí 3000K tàbí 6500K. Èyí àkọ́kọ́ ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èkejì ló funfun bíi ti ilé ìwòsàn. Ní ojú tèmi, pánù tí a fi ọwọ́ lu yẹ 3000K. Ẹni tó bá fẹ́ kí ère òun dà bí fíríìjì, kó lo èkejì.

Wíwá irin

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù, nítorí àjákù tí wọ́n ń kó jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù àti àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà. Fún àpótí wa, pánù irin dúdú tó nípọn tó mìlímítà kan ló tọ́. Gééjì 18 tàbí 20 ni àwọn wẹ́dà máa pè é. Pánù òrùlé fẹ́lẹ́ jù, ihò rẹ̀ máa ń ya etí, ó sì máa ń gé ọwọ́.

Ìkìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́: dúrọ́ọ̀mù tó ti gba bẹntiróòlù, tínà tàbí kẹ́míkà rí, ẹ má gbé iná tàbí díìsìkì sí i lára. Bí ó tilẹ̀ ti gbẹ láti ọdún méjì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún omi.

Èkejì: pánù tó ń dán yanranyanran, èyí tí wọ́n fi síńkì bò. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ iṣẹ́, mo jó irú pánù bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òtútù mú mi títí eyín mi fi ń gbá ara wọn, ara mi gbóná, ẹnu mi ń dùn bí ẹni pé mo lá kọ́bọ̀. Ìyá mi rò pé ibà ni. Èéfín síńkì ni. Wọ́n á ní kí ẹ mu mílíìkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mílíìkì dára fún ẹ̀kọ, kò dí èéfín lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi fáìlì ha síńkì náà kúrò níbi tí ẹ fẹ́ jó, kí ẹ sì ṣe é ní ìta gbangba, kí atẹ́gùn máa gbé èéfín lọ kúrò lójú yín. Tàbí kí ẹ má jó o rárá, kí ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án.

Yíya ihò

Ẹ lọ wo pánù oníhò tí wọ́n fi ń kun ẹ̀kọ sára aṣọ àdìrẹ. Àwọn tó gé irú pánù yẹn mọ ohun kan tí àwa máa ń gbàgbé: ohun tí ẹ kò gé ló ń gbé ohun tí ẹ gé dúró. Bí ẹ bá gé òrùka yípo láìdá afárá sí i, àárín rẹ̀ á já bọ́. Láàárín ihò méjì, ẹ fi mìlímítà 5 sílẹ̀, ó kéré tán. Ní igun àpótí, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ láìlu ohunkóhun, nítorí ibẹ̀ ni ẹ máa kàn.

Ẹ má kún pánù náà tán. Bí ihò bá pọ̀ jù, ògiri á mọ́lẹ̀ gbogbo, òjìji ò ní ríbi fara pamọ́ sí. Mo sábà máa ń fi ìhà kan sílẹ̀ pátápátá, kí ojú lè sinmi.

Lílu rẹ̀

Ẹ fi ìṣó líle lu àmì kékeré sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan kí dírílì má bàa yọ̀. Ẹ gbé pánù sórí pákó, ẹ fi kíláǹpù mú un mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Pánù fẹ́lẹ́ máa ń gbá dírílì mú nígbà tó bá fẹ́ yọ lódì kejì, á sì yí bìrìrì bíi fáànù. Mo mọ ẹni tó ní àpá rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Kí dírílì máa yí pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa kán epo ẹ́ńjìnì sí i. Fún ihò tó ju mìlímítà 10 lọ, ẹ lo ẹnu dírílì oníṣísẹ̀, èyí tó rí bí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ gọ́gùlù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí pánù padà, ẹ fi sáńpépà yọ gbogbo ìgún etí ihò, nítorí ìgún kékeré yẹn á di eyín ayùn ńlá lára ògiri.

Ohun kan tí mo kọ́ lára iṣẹ́ Asiru Ọlátúndé: pánù kò pọn dandan kó tẹ́jú. Ẹ gbé e sórí àpò iyanrìn, ẹ fi òòlù rọ́bà lù ú láti ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Ihò tó wà lórí ibi tó wú á kọjú sí ìhà mìíràn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì wọ́ lọ bí ẹni tó ń na ọrùn.

Kíkàn àti kíkùn

Ẹsẹ̀ àti férémù: áńgù irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 25. Ìyẹn ni kí wẹ́dà jó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jó pánù mọ́ férémù yípo, ooru á jẹ́ kí pánù náà wọ́, á sì máa ró kàù-kàù bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Rífẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn. Ìhà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi súkúrú dè, kí ó lè ṣí. Ẹni tó bá kàn gbogbo rẹ̀ pa, á fi ayùn ṣí i lọ́jọ́ tí wáyà bá já.

Lẹ́yìn náà, ẹ kun ún ní rẹ́dì ọ́ksáìdì, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kí ọ̀dà tí ẹ bá fẹ́ wá tẹ̀ lé e. Ní ìta, àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Inú ni ẹ ní láti ronú sí: bí ẹ bá fẹ́ òjìji tó mú, dúdú tí kò dán ni kí ẹ kùn ún. Inú tó funfun á máa ta ìmọ́lẹ̀ padà síbí sọ́hùn-ún, ó dà bí ẹni pé ẹ fi iná mẹ́wàá kún un. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣe ère tí òjìji rẹ̀ kò mú, tí mo ń bú LED, kí n tó mọ̀ pé ọ̀dà funfun tí mo fi kun inú ni.

Iná àti bátìrì

Iná wa jẹ́ wáàtì 3. Pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń dín agbára fún un, ẹ pè é ní 4. Ẹ fi 12 pín in: ó ń mu bíi 0.33 áńpíà. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 7Ah (áńpíà-wákàtí 7) ni ẹ máa rí níbi gbogbo, òun ló wà nínú UPS àtijọ́. Ẹ má mu ún ju ìdajì lọ, bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 3.5 ni tiyín. 3.5 pín sí 0.33 jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 10. Láti ìrọ̀lẹ́ di òru, ó ti tó.

Ẹ fi í wé ẹni tó lo LED onírẹ́bẹ́tẹ́ mítà 3, wáàtì 4.8 fún mítà kọ̀ọ̀kan: wáàtì 14.4, áńpíà 1.2, bátìrì kan náà ò ní tó wákàtí 3. Páńẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 20 pẹ̀lú kọ̀ntírólà kékeré á gba ère wa tọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ẹ máa retí pé á kù díẹ̀ káàtó.

Fíúùsì áńpíà 2, kó sún mọ́ orí bátìrì. Ibẹ̀ ni, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bátìrì kékeré yẹn lè jó wáyà di ẹyin iná bí pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù bá jọ kan irin férémù. Níbi tí wáyà bá ti gba ara pánù wọlé, ẹ fi òrùka rọ́bà sí ihò náà. Kí abẹ́ alumíníọ́ọ̀mù LED náà wà lára irin tó lè gba ooru rẹ̀.

Kí n tó dé orí bátìrì, mo gbé iṣẹ́ kan fún hòtẹ́ẹ̀lì kan nígboro. Wọ́n ní kí n fi í sára iná ilé. Ọjọ́ kejì tí mo gbé e dé, wọ́n yí jẹnẹrétọ̀ sí i, iná fò sókè, àdápítọ̀ náà rùn bí ẹran tó jó. Máníjà pè mí: “Ọ̀gá, ère yín ti kú o.” Mo lọ gbé e padà lójú àlejò. Láti ọjọ́ náà, bátìrì ni.

Gbígbé e dúró

Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo. Mo máa ń da sìmẹ́ńtì sínú ike ọ̀dà lítà 4, mo á ri ẹsẹ̀ irin sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, bátìrì á wà nínú àpótí lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri tó dára jù ni èyí tí wọ́n kun funfun tí kò dán. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní páálásítà náà ní ẹwà tirẹ̀, òjìji á máa gùn ún, á máa sọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá gbé e sí ìta, ihò yóò gba omi: ẹ lu ihò mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde, kí iná wà lábẹ́ ìdérí. Ṣùgbọ́n omi kọ́ ni ìṣòro tó pọ̀ jù ní Òṣogbo, kòkòrò ni. Bí òjò àkọ́kọ́ bá dá, kòkòrò abìyẹ́ á rọ́ wọnú àpótí náà, òjìji ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á tó ẹyẹ igún lára ògiri. Ọmọ àbúrò mi kan sá jáde pẹ̀lú igbe lálẹ́ ọjọ́ kan. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó dúdú ni wọ́n ní kí n lẹ̀ mọ́ ìhà inú. Mo lẹ̀ ẹ́, ó dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mú òjìji rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, mo yọ ọ́ kúrò. Ní oṣù tí wọ́n bá ń fò, mo máa ń fi àwọn kòkòrò náà sílẹ̀ kí wọ́n ṣe tiwọn, ní àárọ̀ mo á tú súkúrú mẹ́rin ìhà tó ń ṣí, mo á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá wọn jáde.